Àjọjẹ Kò Dùn Bí Ẹnì Kan Kò Bá Ní: Ta Ló Ń Náwó Oúnjẹ Alẹ́ Sọ́ńdè?

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ olè. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni.

Bí ẹbí kan bá ń pàdé jẹun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn ará àdúgbò á máa yìn wọ́n. Wọ́n á ní, ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, nínú ogún èèyàn tó ń jẹun, ẹnì kan ló ń ra ẹran, ẹnì kan náà ló ń dáná, ó sì lè jẹ́ òun náà ló ń fọ ìkòkò. Ọjọ́ tó bá rẹ ẹni yẹn, àjọjẹ tán nìyẹn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ọ̀pọ̀ wa ló ń pa òwe yẹn, ṣùgbọ́n a kì í béèrè ta ni ẹnì kan yẹn. Nílé tiwa, ọdún tó pọ̀ ni a fi jẹun ká tó béèrè.

Alẹ́ Sọ́ńdè ni tiwa. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń gbé inú ilé tí Bàbá àgbà kọ́ lẹ́bàá Òkè Màpó n'Ìbàdàn, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, tí páànù orí rẹ̀ ti pọ́n. Ọmọ mẹ́fà ni Ìyá àgbà ní tí wọ́n wà láyé. Àwa ọmọ ọmọ lé ní ogún, ọmọ ọmọ ọmọ náà sì ti ń rá nílẹ̀. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tó gun ọ̀kadà láti Mọ́kọ́lá á dé, ẹni tó wọ mọ́tò láti Dùgbẹ̀ á dé. Àwọn ti Èkó kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Látìgbà tí rélùwéè tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn míì nínú wọn máa ń bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́níyà, wọ́n á tún wọ mọ́tò wọ ìgboro.

Kì í ṣe pé onígbàgbọ́ ni gbogbo wa o. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ mùsùlùmí ni, bàbá mi mùsùlùmí ni, àbúrò bàbá mi tó tẹ̀lé e sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sọ́ńdè la mú nítorí pé ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì, àwọn ọmọ ò sì lọ sílé ìwé. Àwọn ti ṣọ́ọ̀ṣì á ti dé láti ọ̀sán, àwọn yòókù á kí ìrun Mọ̀gàríbà tán ká tó bu oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ oṣù Ààwẹ̀, òun náà la fi ń ṣínu, ti onígbàgbọ́ ti mùsùlùmí.

Àmàlà ni oúnjẹ wa. Ìbàdàn mà ni, kí la tún fẹ́ jẹ? Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata. Ẹ̀yin ìyá mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ọkùnrin tó rò pé oúnjẹ kàn máa ń hù nínú abọ́ ni. Èlùbọ́ yẹn, iṣu ni wọ́n bó, tí wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀, tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sá sóòrùn títí tó fi gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bo èèpo rẹ̀ kúrò, wọ́n á sè é títí tí á fi di ẹ̀tẹ̀, wọ́n á sì jọ̀ ọ́. Wọ́n á já ewédú léwé léwé, wọ́n á fi kán-ún díẹ̀ sí i, wọ́n á fi ìjábẹ̀ jà á. Ata ń bẹ tí wọ́n á lọ̀. Ẹran ń bẹ tí wọ́n á bọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹnì kan á wá di ọmọ orógùn mú, á ro àmàlà fún èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jẹun lálẹ́, kò ní sinmi láti ọ̀sán.

Bí a ṣe ń jẹun nìyí. Ìyá àgbà á jókòó lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á yí i ká, àwa yòókù á wà lórí ẹní. Ọmọdé kan á kúnlẹ̀ gbé omi ìfọwọ́ fún un, omi náà á ti ọwọ́ àgbà bọ́ sí ọwọ́ ọmọdé. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bu òkèlè kí Ìyá àgbà tó bù. Àwọn ọmọ kéékèèké á jẹ nínú abọ́ ńlá kan ṣoṣo. Ẹran wọn á wà láàárín abọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí oúnjẹ á fi tán. Bí ó bá tán, èyí ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ mú, àbúrò á tẹ̀lé e, èyí tó kéré jù lọ á sì kó abọ́. Ẹ ò rí i pé ilé ìwé ni? Ọmọ tó bá lè wo ẹran láìmú un títí àmàlà fi tán, a lè rán an lọ gbowó lọ́wọ́ oníbàárà kó má bù níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ti Èkó, ọmọ ọdún méje, kọ́kọ́ béèrè ṣíbí. Ìyá àgbà ò bá a wí. Ó pè é sọ́dọ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká òkèlè fún un, ó ń ki í ní Àjàní. Ọmọ náà kò mọ̀ pé òun ní oríkì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an.

Àwọn míì rò pé bí wọ́n ṣe ń jẹun látijọ́ nìyẹn. Rárá o. Ìyá àgbà sọ fún mi pé nígbà tí òun dé ilé ọkọ, bàbá ọkọ òun máa ń dá jẹ ni, tàbí kó jẹ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyàwó á jẹ nídìí ààrò, àwọn ọmọ á jẹ lẹ́yìnkùlé. Kò sí ọkùnrin tó mọ ohun tí wọ́n fi lọ ata. Bàbá àgbà ló kọ́kọ́ yí i padà díẹ̀. Tẹlifíṣàn dé Ìbàdàn ní 1959, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí Bàbá àgbà tó ra tirẹ̀, alápótí, tí kò ní àwọ̀. Ìgbà tó rà á, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ wọn wá sí pálọ̀ kí wọ́n lè máa wo Bàbá Sàlá. Ìyá àgbà máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́, pé aláwàdà ló mú òun àti ọkọ òun jẹun nínú yàrá kan náà.

Ọdún 1994 ni Bàbá àgbà kú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Ìyá àgbà pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Ó ní okùn tó so ìgbálẹ̀ ti já, bí àwọn ò bá tún un so, ọwọ̀ á tú. Láti Sọ́ńdè yẹn lọ ló ti ń dáná. Èlùbọ́ ló ń tà, inú ọjà rẹ̀ ló sì ti ń bù ú. Nígbà tí ara àgbà dé, tí kò lè lọ sọ́jà mọ́, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Bódìjà, bọ́ sí ìdí ìkòkò. Ọjà Bódìjà ló ti ń ta èlùbọ́ àti ata gbígbẹ. Kò sẹ́ni tó yàn án, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó kàn bọ́ síbẹ̀ ni, bí ẹ̀yin obìnrin ṣe máa ń bọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwa yòókù náà kì í wá lọ́wọ́ òfo o, kí n má parọ́. Ẹnì kan á mú búrẹ́dì wá, ẹnì kan á mú ọsàn tàbí mínírà. Ohun tí à ń mú wá, ọmọdé ló máa ń jẹ ẹ́ tán kí ọbẹ̀ tó jinná.

Bí àjọjẹ yìí ṣe ń lọ nìyẹn. Ní 2020 tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba àpapọ̀ sé Èkó àti Ògùn mọ́ láti ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹta, àwọn ti Èkó ò rí ọ̀nà wá fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ìkòkò ò tutù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí owó pépà ò sí nígboro, ìkòkò ò tutù. Ìgbà tó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ní owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ti tán, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí. Epo tí à ń rà ní nǹkan bíi 185 náírà lítà kan fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó máa fi di òpin 2024, ó ti lé ní 1,000. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà láti oko mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mọ́tò tó gbé èlùbọ́ gbówó lé e, ẹni tó ń lọ ata gbówó lé e, ẹran náà gbówó lórí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Ìyá Bódìjà ò wá. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, a ní bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ẹnì kan sáré lọ ra àkàrà, a fi búrẹ́dì jẹ ẹ́. Sọ́ńdè kejì, kò wá, kò sì gbé fóònù. Sọ́ńdè kẹta, àwọn tó wá ò tó mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àwọn kan ní ó ń bínú nítorí ilẹ̀ tí wọ́n pín. Àwọn kan ní ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ti ń fowó ránṣẹ́, ó ti di ẹni ńlá. Ìyàwó ilé kan tilẹ̀ sọ pé ó rí i tó ra aṣọ tuntun.

Iṣẹ́ oníròyìn ni mò ń ṣe, ìbéèrè ló ń bọ́ mi. Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, mo gba Bódìjà lọ. Mo bá a níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ń gbọn eruku kúrò lára ata. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, dìde. Ṣé wọ́n rán ẹ ni?"

Mo ní, "Wọn ò rán mi, Ìyá. Mo ní kí n wá kí yín ni."

Ó wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ han ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìwọ ló máa ń wá bá mi gbé àpò nígbà tí o wà nílé ìwé. Mélòó ni mo máa ń tò síbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Àpò mẹ́fà, Ìyá. Nígbà míì ó máa ń jẹ́ mẹ́jọ."

"Ka èyí tó wà níbẹ̀ báyìí."

Mo kà á. Àpò kan ni, àti ìdajì òmíràn tí wọ́n ti ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀.

Ó ní, "Oúnjẹ Sọ́ńdè ló jẹ ìyókù. Tẹ́lẹ̀, èrè ọ̀sẹ̀ kan máa ń gbé e, á tún ṣẹ́kù. Nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n, èrè ò gbé e mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú nínú ojú owó. Mo gba àjọ mi, mo fi kún un. Mo yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo fi kún un. Mò ń sọ pé á dáa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo rí i pé n ò lè ra àpò tuntun mọ́, mo mọ̀ pé bí mo bá tún dáná lẹ́ẹ̀kan sí i, ìsọ̀ yìí á tì."

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún ẹnì kankan. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

"Àkọ́bí ni mí. Ṣé màá wá pe àwọn àbúrò mi jọ pé n ò rí owó oúnjẹ ìyá wa mọ́? Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi. Kí wọ́n máa rò pé mò ń bínú, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bínú, wọ́n á wá bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò ní, wọ́n á ṣàánú rẹ̀. N ò fẹ́ àánú."

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, mo mọ̀ pé kì í ṣe Ìyá Bódìjà nìkan. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀ tí ẹ ń fi ojú owó se ọbẹ̀, tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín bu ẹran fún àwọn èèyàn?

Kí n tó kúrò, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè sọ ọ́ nílé. Ó ronú pẹ́. Ó ní, "Bí o bá máa sọ ọ́, sọ iye tó jẹ́. Má sọ ọ́ bí ẹni pé mò ń ṣagbe."

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà yẹn ni a gbọ́ ti Ìyá àgbà. Ìyàwó ilé tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ sọ pé láàárín ọ̀sẹ̀, bí òun bá gbé oúnjẹ fún un, òkèlè mẹ́ta, ó tó, á ní ebi ò pa òun. Òun tí à ń sọ pé ara rẹ̀ le, aṣọ ti ń yọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ní Sọ́ńdè kẹrin tí ẹnikẹ́ni ò yọjú, ó ní kí wọ́n bá òun gbé ìkòkò kaná. Ó se ẹ̀wà díẹ̀. Ó ní kí wọ́n to abọ́ mẹ́jọ sílẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi kí ìrun Iṣáì tán, kò sẹ́ni tó wá. Ó ní kí wọ́n dé ìkòkò, ó wọlé lọ sùn, kò jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abọ́ mẹ́jọ yẹn ló kó gbogbo ẹbí jọ ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Ìyá Bódìjà náà wá, ó jókòó sí ìdí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọkùnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú sí i, ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní ayé ti yí padà. Ó ní owó mọ́tò òun, ti ìyàwó òun àti ti ọmọ mẹ́ta, àlọ àti àbọ̀, ó ju owó ẹran tí wọ́n máa jẹ níbẹ̀ lọ. Ó ní kí oníkálukú máa jẹun nílé rẹ̀, kí gbogbo wa máa fi owó tí ìbá bá mọ́tò lọ ránṣẹ́ sí Ìyá lórí fóònù, kí wọ́n fi ra ohun tó bá wù wọ́n jẹ. Àwọn kan mi orí.

Ìyá àgbà dá a lóhùn wẹ́rẹ́. Ó ní, "Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ṣé á bá mi jẹun? Ẹran kọ́ ni mo ń pè yín wá jẹ. Bí ó ṣe ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ lásán, ẹ wá jẹ ẹ́ níṣojú mi."

Ilé pa rọ́rọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ní, "Nínú ilé yìí, ta ló mọ iye tí oúnjẹ Sọ́ńdè kan ń ná?"

Ẹnì kan ní 8,000 náírà. Bàbá mi ní kò lè ju 12,000 lọ. Gbogbo wa wo Ìyá Bódìjà. Kò bínú, kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni tó ń ka ọjà fún oníbàárà: èlùbọ́ iye báyìí, ẹran iye báyìí, ẹ̀wà, ewédú, ata, epo, irú, iyọ̀, èédú, owó ẹ̀rọ, owó mọ́tò tó gbé ẹrù. Nígbà tó kà á tán, ó lé ní 40,000 náírà. Sọ́ńdè kan ṣoṣo! Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lóṣù lé ní 160,000. Ní oṣù keje ọdún yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti 30,000 sí 70,000. Obìnrin alátà kan ń ná ju owó oṣù òṣìṣẹ́ méjì lọ kí àwa lè máa sọ pé ẹbí wa wà ní ìṣọ̀kan.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí a dá owó jọ kó fi ra ọjà. Ìyá Bódìjà mi orí pé rárá, òun ò gba sàráà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn, ti sọ ọ̀rọ̀ tó tún gbogbo nǹkan ṣe. Ó ní, "Àǹtí, sàráà kọ́. Gbèsè ni. A ti ń jẹ ọjà yín láwìn láti ọdún yìí wá. Ẹ jẹ́ ká san án díẹ̀díẹ̀." Ìyá Bódìjà bojú wolẹ̀, ó ní kò burú. Gbèsè, oníṣòwò máa ń gbà á. Àánú ni wọn kì í fẹ́.

Ètò tí a ṣe nìyí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó lè wúlò fún ilé míì.

Ìkínní, a dá àjọ ọbẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ á dá iye tí agbára rẹ̀ bá gbé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan ń dá 5,000, èmi ń dá 2,000, ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan wà láàárín wa tó ń dá 500. Ẹnì kan ló ń gba owó náà, kì í sì í sọ iye tí ẹnì kan dá fún ẹlòmíì.

Ìkejì, ẹni tí kò bá ní owó lọ́sẹ̀ kan, á mú ọwọ́ wá. Bọ̀ọ̀dá mi tó jẹ́ wẹ́dà ò rí iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó fi irin àjókù ṣe ààrò eléèédú ńlá tó lè gbé ìkòkò méjì, èédú tí à ń lò sì dínkù. Ìyẹn náà owó ni.

Ìkẹta, a dín ẹran kù. Sọ́ńdè mẹ́ta, ẹja tàbí pọ̀nmọ́. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù, tí àwọn ti Èkó máa ń wá, ìgbà yẹn la máa ń se ẹran gidi. Àwọn ọmọ kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà wọ́n gbàgbé.

Ìkẹrin, iṣẹ́ ìdáná di yípoyípo, àwọn ọkùnrin sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tó kan bàbá mi, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ó di ọmọ orógùn mú bí ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ ojú omi. Àmàlà náà kún fún kókó. Ìyá àgbà jẹ ẹ́, ó ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òkèlè mẹ́ta kọ́ ló jẹ lọ́jọ́ náà. Ó jẹ àmàlà náà tán.

N ò ní sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ti dọ́gba. Ilé kan wà nínú wa tí wọn kì í wá mọ́, wọ́n ní owó mọ́tò ò jẹ́, a ò sì bínú sí wọn, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìsọ̀ Ìyá Bódìjà ò tíì padà sí àpò mẹ́fà. Mẹ́rin ni mo kà kẹ́yìn. Àwọn kan máa ń gbàgbé owó àjọ ọbẹ̀, ẹni tó ń gbà á á sì pè wọ́n títí ẹnu á fi bó o. Ṣùgbọ́n ìkòkò ń hó ní gbogbo Sọ́ńdè, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìsọ̀ rẹ̀ hó o.

Ẹ̀yin ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ ya ojú owó yín sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọbẹ̀. Bí ìkòkò ẹbí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú owó, ẹ la ẹnu yín, ẹ sọ iye tó jẹ́. Iye owó kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ iye irin, ẹ mọ iye pákó, ẹ mọ iye òwú. Ẹ mọ iye ọbẹ̀ náà. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà tó ra ẹran ńkọ́, ta ló ń bá a san owó rẹ̀?

Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí omi ìfọwọ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dáná pé, "Ìyá, èló lẹ ra èlùbọ́?" Kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí wa, kí ẹ sọ ohun tí wọ́n dá yín lóhùn.